Ẹni Tó Dín Eré Kù Nínú Ọyẹ́

Alhaji Umar ní oorun lòun ń sùn nígbà tí hẹlikọ́pítà òun já lulẹ̀. Ohun tó sọ fún gbogbo èèyàn nìyẹn, òun náà ló sì tún sọ fún Hùmúàní lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù kan ní GRA, láàárọ̀ ọjọ́ tí àwọn dókítà kọ́kọ́ gbà kí ọlọ́pàá bá a sọ̀rọ̀.

"Mo fi orí ti ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, Alhaja. Mo ká ọwọ́ méjèèjì sí àyà, mo ń tòògbé. Ìgbà tí mo máa lajú, inú igbó ni mo bá ara mi. Nathan, páílọ́ọ̀tì mi, ti kú."

Ó fẹ́ fi bó ṣe ká ọwọ́ hàn án, àmọ́ P.O.P. ti gba ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ títí dé ìgbọ̀nwọ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan náà wà nínú P.O.P., wọ́n fi okùn gbé e sókè.

Hùmúàní jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán. Obìnrin tí kì í kánjú ni. Ilé kéwú ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà nínú Ìlọrin àtijọ́, ó sì máa ń rántí bí bàbá rẹ̀ ṣe ń jẹ́ kí ọmọ kéwú ka ẹsẹ̀ náà tán pátápátá kó tó sọ ibi tó ti ṣì í. Láti ìgbà tó ti wà ní ẹ̀ka ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́, bẹ́ẹ̀ lòun náà ṣe ń gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu èèyàn.

"Kí lẹ rò pé ó fà á, Alhaji?"

"Mansur ni, ẹnjiníà mi. Páìpù kékeré kan wà níwájú ọkọ̀ náà, òun ló ń jẹ́ kí aago mọ eré tí a ń sá. Ó ní ìbòrí aláṣọ pupa tí wọ́n gbọ́dọ̀ yọ kí ọkọ̀ tó gbéra. Mansur gbàgbé ẹ̀ síbẹ̀. Irọ́ ni aago ń pa fún Nathan." Ó mí kanlẹ̀. "Àárọ̀ ọjọ́ náà gan-an, òun àti Nathan pariwo mọ́ra wọn ní pápákọ̀. Ẹ béèrè, gbogbo èèyàn ló gbọ́."

Hùmúàní dúpẹ́, ó ṣàdúrà àlàáfíà fún un, ó jáde. Dókítà tó ń tọ́jú ọkùnrin náà ti ń dúró dè é ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú àwòrán egungun lọ́wọ́. Ó gbé e sí ojú ìmọ́lẹ̀ fèrèsé.

"Ẹsẹ̀ tó kán ò yà mí lẹ́nu," ni dókítà wí. "Àtàǹpàkò yìí ni. Ẹ wo ìdí ẹ̀, ó fọ́ sẹ́yìn. Àtẹ́lẹwọ́ náà bó. Ẹni tó ká ọwọ́ sí àyà, egungun ìhà tàbí ìgbọ̀nwọ́ ló yẹ kó kán. Irú èyí, àwọn ọlọ́kadà ni mo máa ń rí i lára wọn, àwọn tó di ọwọ́ ọ̀kadà mú pinpin títí wọ́n fi kọlu nǹkan."

"Páílọ́ọ̀tì tó kú ńkọ́?"

"Ọwọ́ tiẹ̀ náà rí bẹ́ẹ̀, méjèèjì. Àmọ́ òun, iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe."

Hùmúàní dúró síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó ń wo egungun kékeré náà. Ẹni tó ń sùn kì í di nǹkan mú bẹ́ẹ̀. Kí ni Alhaji dì mú nínú ọkọ̀ tí ẹlòmíì ń wà?

*

Láníyọnu, ọ̀gá àgọ́ ọlọ́pàá, ti fẹ́ pa fáìlì náà dé.

"Alhaja, ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ fún ilé ẹjọ́. Àwọn èèyàn Alhaji ò jẹ́ kí fóònù mi sinmi. Mansur ló fọwọ́ kan ọkọ̀ náà kẹ́yìn, ó sì ń bá olóògbé jà. Lọ́la ni màá gbé e lọ."

"Ìbòrí pupa náà dà, sà?"

"A ò rí i."

"Pé a ò rí i ò sọ pé orí páìpù ló wà."

Láníyọnu fi pẹ́ẹ̀nì gbá tábìlì díẹ̀díẹ̀. "Ẹ ní títí di ọ̀la."

Nínú yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn, Mansur jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ṣì wọ ẹ̀wù iṣẹ́ tó wọ̀ nígbà tí wọ́n mú un. Kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Nígbà tí Hùmúàní bi í nípa ìbòrí, ó gbójú sókè, ó dáhùn kíákíá.

"Mo yọ ọ́, mà. Mo ká a, mo kì í bọ àpò tó wà lẹ́yìn àga Captain Nathan. Ibẹ̀ ni mo máa ń fi í sí."

"Kí lẹ jà lé lórí láàárọ̀ ọjọ́ yẹn?"

Orí ọ̀dọ́mọkùnrin náà tẹ̀ ba. "Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ni, mà."

"Iṣẹ́ wo?"

Hùmúàní bi í lẹ́ẹ̀kejì, ó bi í lẹ́ẹ̀kẹta, Mansur ò ṣe ju kó máa wo ilẹ̀ lọ. Hùmúàní fi í sílẹ̀, àmọ́ ó mú nǹkan kan jáde lọ́kàn. Ìbòrí tí wọ́n tìtorí ẹ̀ tì í mọ́lé ò bà á lẹ́rù rárá. Ìjà tí kò ju ariwo ẹnu lọ ni ẹ̀rù ẹ̀ ń bà á.

*

Ní pápákọ̀ òfurufú, wọ́n ti kó àfọ́kù hẹlikọ́pítà náà jọ sínú gàrééjì ńlá kan. Fèyísọ́lá ló ń bójú tó o, òun ni wọ́n rán wá láti wádìí ìjàǹbá náà. Ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wa hẹlikọ́pítà lórí òkun kó tó di olùwádìí, ó sì mọ Nathan dáadáa.

Hùmúàní ní kó bá òun wo àpò ẹ̀yìn àga páílọ́ọ̀tì. Àga náà ti wọ́, ó sì di dandan kí wọ́n fi irin ṣí i. Fèyísọ́lá ti ọwọ́ bọ inú ẹ̀, ó fa aṣọ pupa kan jáde, ó ṣì ká dáadáa.

"Mansur ò parọ́ nìyẹn," ni Hùmúàní wí. "Kódà ká ní a ò rí i, ọ̀rọ̀ Alhaji ò tiẹ̀ dúró. Wọ́n gbéra níbí láàárọ̀, wọ́n lọ sí Kàyámà, ọ̀nà àbọ̀ ni wọ́n wà. Tí ìbòrí bá wà lórí páìpù, ṣé aago eré á ṣiṣẹ́ nígbà tí wọ́n ń lọ?"

"Kò ní mira rárá, mà. Nathan á ti rí i kí wọ́n tó kúrò lórí pápá, á sì padà sọ̀ kalẹ̀."

"Aago ò parọ́ fún un, nígbà náà. Ẹ sọ fún mi, kí ló máa ń ṣe hẹlikọ́pítà nínú ọyẹ́?"

Fèyísọ́lá mú un lọ síwájú ọkọ̀ náà. Pátákó kékeré kan wà láàárín àwọn aago, tí kò ju ìka méjì lọ, tí nọ́ńbà ọgọ́ta wà lójú ẹ̀.

"Gbogbo èèyàn mọ̀ pé hẹlikọ́pítà lè dúró lójú kan lófuurufú," ó wí. "Ohun tí wọn ò mọ̀ ni pé ojú páílọ́ọ̀tì ló ń mú un dúró. Ó ń wo ilẹ̀, ó ń wo igi, ó ń wo òrùlé, ó ń fi wọ́n tún ọkọ̀ náà ṣe ní ìṣẹ́jú-ìṣẹ́jú. Tí ọyẹ́ tàbí ìkúùkuu bá bo gbogbo ẹ̀, aago nìkan ló kù tó lè wò. Aago ò sì lè sọ fún un pé ọkọ̀ náà ń yọ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀díẹ̀. Nítorí náà, ó gbọ́dọ̀ máa sáré. Tó bá ń sáré, atẹ́gùn tó ń fẹ́ lu ìrù ọkọ̀ máa mú un dúró ṣinṣin. Tí eré bá ti wálẹ̀ ju ibi kan lọ, atẹ́gùn náà ò ní agbára mọ́. Ti ọkọ̀ yìí, ọgọ́ta ni. Tí o ò bá rí ilẹ̀, o ò gbọ́dọ̀ rìn jẹ́jẹ́ ju ọgọ́ta lọ."

Hùmúàní rò ó. "Ó dà bí kẹ̀kẹ́ ológeere. Tí èèyàn bá ń sáré lórí ẹ̀, ó dúró. Tó bá ń falẹ̀, ó ń mì."

"Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni, mà. Ẹ wá fi aṣọ di ẹni náà lójú, kí ẹ ní kó falẹ̀."

"Nathan mọ èyí?"

"Èmi ni mo dán an wò nígbà tó fẹ́ gba àṣẹ láti máa fi aago nìkan fò. Ẹlòmíì lè gbàgbé. Nathan kọ́. Tí kò bá rí ibi tó fẹ́ bà sí, ńṣe ló máa sáré kọjá, á lọ wá ibòmíì."

"Ṣé ọkọ̀ yìí ń sáré nígbà tó já?"

"Rárá. Ká ní ó ń sáré, ì bá gé igi lọ rẹrẹẹrẹ. Igi kan ṣoṣo ló kàn. Ó ń yí po ni, ó sì ń bọ̀ wálẹ̀ bí òkúta."

Hùmúàní wo inú ọkọ̀ náà. Àga méjì ló wà níwájú. Níwájú àga ọ̀tún, tí í ṣe ti páílọ́ọ̀tì, ọ̀pá ìdarí kan yọ láti ilẹ̀. Níwájú àga òsì, òmíràn wà tó jọ ọ́, ó ti tẹ̀ síwájú.

"Ta ni wọ́n ń ṣe èyí fún?"

"Ẹni tó ń kọ́ iṣẹ́. Méjèèjì jọ ń ṣiṣẹ́ pọ̀ ni. Tí kò bá sí akẹ́kọ̀ọ́, wọ́n máa ń yọ ọ́, kí èrò má baà ṣèèṣì fẹsẹ̀ kọ ọ́."

"Ibo ni wọ́n ti yọ Alhaji?"

Fèyísọ́lá wo àga òsì náà, ó tún wo ojú Hùmúàní. "Ibẹ̀," ó wí.

*

Ibi tí ọkọ̀ náà já sí ò jìnnà sí ọ̀nà Afọ́n, lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáà àwọn Fúlàní kan. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Talatu wà níbẹ̀, tó ń se wàrà nínú ìkòkò ńlá. Ó ń fi ewé bòmubòmu sí i kó lè dì bó ṣe ń sọ̀rọ̀.

"Mi ò rí i o. Ọyẹ́ ọjọ́ náà funfun bí ìyẹ̀fun, mi ò rí màlúù tó wà níwájú mi. Mo kàn gbọ́ ọ ni. Ó ń bọ̀ láti ọ̀hún, ó kọjá lọ lórí wa, ìró ẹ̀ ń já geere. Mo ní ó ti lọ nìyẹn. Ó tún padà wá. Ìgbà tó padà wá yìí, ìró ẹ̀ ti yí. Ó wúwo, gbù, gbù, gbù, ó dúró sójú kan. Àwọn màlúù fọ́nká."

"Orí ibo ló dúró sí?"

Talatu fi ṣíbí igi na ọ̀ọ́kán. Ilé tuntun kan wà níbẹ̀, òrùlé ẹ̀ pupa, kò sí òmíì nítòsí ẹ̀. "Orí ilé Alhaja. Ìyá ẹni tó ni ọkọ̀ ló ni ilé yẹn, kò tíì pẹ́ tó kó wọ ibẹ̀. Ìgbà tí ọyẹ́ ya díẹ̀ ni mo rí ìyá náà níta, ó fi ọwọ́ ṣíji bo ojú, ó ń wòkè. Mo kígbe pè é pé kó wọlé, kò gbọ́ mi."

Hùmúàní dúró lẹ́bàá iná náà, ó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tò lórí ara wọn. Páílọ́ọ̀tì tó mọ òfin ti kọjá lọ pẹ̀lú eré, ó ń lọ sí pápákọ̀ níbi tó ti lè bà láìséwu. Ẹnì kan wá yí ọkọ̀ náà padà, ó sì dín eré ẹ̀ kù lórí ilé ìyá Alhaji. Kò sí nǹkan tí Nathan ń wá níbẹ̀.

*

Ó padà sọ́dọ̀ Mansur. Lọ́tẹ̀ yìí, kò bi í nípa ìjà.

"Ta ló ní kí o fi ọ̀pá ìdarí sí apá òsì?"

Mansur gbé ojú sókè bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ lórí ẹ̀. Omi yọ lójú rẹ̀.

"Alhaji ni, mà. Captain ló ń kọ́ ọ ní wíwà, àmọ́ ìgbà tí ojú ọ̀run bá mọ́ nìkan. Láàárọ̀ yẹn, Alhaji ní kí n fi ọ̀pá sí i. Captain dé, ó rí i, inú bí i. Ó ní ọyẹ́ ń bọ̀, ọjọ́ ẹ̀kọ́ kọ́ nìyí, kí n yọ ọ́. Mo ní mi ò lè yọ ọ́ láìjẹ́ pé Alhaji sọ bẹ́ẹ̀. Orí ìyẹn la ń pariwo lé. Alhaji wá, ó ní kí n fi í sílẹ̀, òun ò ní fọwọ́ kàn án tí ojú ọjọ́ ò bá dáa."

"Kí ló dé tí o ò sọ ọ́?"

"Alhaji ló rán mi lọ kọ́ iṣẹ́, mà. Nínú ilé ẹ̀ ni ìyá mi ń gbé títí di òní. Mo rò pé ó máa wá sọ ọ́ fúnra ẹ̀. Ojoojúmọ́ ni mò ń retí pé ó máa sọ ọ́."

*

Ìyá Alhaji, Hadiza, ti padà sí agbo ilé wọn lẹ́yìn Ọjà-Ọba, nítorí kò lè sùn mọ́ nínú ilé tuntun náà. Hùmúàní kúnlẹ̀ kí i. Ìyá náà ní kó dìde, ó ní kí wọ́n gbé omi wá, ó bi í nípa àwọn ará ilé rẹ̀. Ó ní òun mọ bàbá rẹ̀, áfáà tó ń ka tírà bí ẹni ń kọrin.

"Ẹ wà níta lọ́jọ́ náà, Ìyá."

"Mo wà níta. Òun ló ní kí n jáde. Ó pè mí kí wọ́n tó gbéra ní Kàyámà. Ó ní, 'Ìyá mi, ẹ máa wòkè, màá sọ̀ wálẹ̀ dé ibi tí ẹ ti máa rí ojú mi. Ẹ máa rí i pé èmi fúnra mi ni mò ń wà á.'" Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Láti kékeré, nǹkan tó bá mọ̀ ọ́n ṣe, àfi kí n wá wò ó. Ìgbà tó kọ́ gígun ẹṣin, bẹ́ẹ̀ náà ni."

Ẹ̀rín náà dúró lójú ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó wá lọ. Ó wo Hùmúàní pẹ́. Ìyá náà ti darúgbó, àmọ́ orí rẹ̀ pé.

"Ọ̀rọ̀ tí mo sọ yìí, ṣé ó máa ṣe ọmọ mi ní nǹkan?"

Hùmúàní ì bá fẹ́ fi ọ̀rọ̀ dídùn yí i padà. Kò lè parọ́ fún un. "Ó máa ṣe é, Ìyá. Ó sì máa tú ọmọ ọlọ́mọ kan sílẹ̀ tí a tì mọ́lé láìṣẹ̀."

Hadiza fa ìborùn rẹ̀ mọ́ra. "Páílọ́ọ̀tì náà, ṣé ó níyàwó?"

"Ó ní. Ẹ̀bùnọlá ló ń jẹ́. Ìyàwó náà ní ṣọ́ọ̀bù oògùn ní Challenge."

Ìyá náà mi orí.

*

Nígbà tí Hùmúàní padà dé GRA, Alhaji Umar ń mu tíì pẹ̀lú ọwọ́ òsì. Hùmúàní jókòó sórí àga tó jókòó sí láàárọ̀.

"Alhaji, a rí ìbòrí náà nínú àpò àga Nathan."

Ife náà dúró lójú ọ̀nà ẹnu. "Ó lè jẹ́ nǹkan míì ló ba aago jẹ́."

"Aago ò bàjẹ́. Ẹni tó ń wò ó ni kò fẹ́ gbọ́ nǹkan tó ń sọ." Ó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni ń ka nǹkan sókè fún ara rẹ̀. "Àtàǹpàkò yín ò fọ́ bíi ti ẹni tó ń tòògbé. Ọ̀pá wà níwájú yín, ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n fi sí i. Ọkọ̀ náà ti kọjá ilé ìyá yín lọ, ó tún padà. Ìyá yín sì wà níta, ó ń wòkè, torí ẹ ti pè é."

"Ẹ lọ bá ìyá mi?"

"Mo lọ."

Ó gbé ife náà sílẹ̀, tíì dà sórí aṣọ ìbora, kò kíyè sí i.

"Mo rí òrùlé ẹ̀," ó wí. "Ọyẹ́ ya díẹ̀, mo rí òrùlé pupa náà, mo dẹ̀ rí èèyàn kan níta. Mo ní òun nìyẹn. Mo fọwọ́ kan ọ̀pá. Nathan ní, 'Alhaji, a ti kọjá, ẹ jẹ́ ká máa lọ.' Mo ní ẹ̀ẹ̀kan péré. Mo yí i padà, mo fà á sẹ́yìn kó lè falẹ̀. Nathan ń sọ ọ́ pé, 'Eré, Alhaji. Ẹ má dín eré kù.' Ó ń sọ ọ́ bí olùkọ́ ṣe máa ń sọ ọ́, kò pariwo. Ọyẹ́ sì padé. Gbogbo ẹ̀ funfun. Alhaja, lára mi, ńṣe ni a dúró sójú kan. Mo fi Ọlọ́run búra, mo rò pé a dúró. Ìgbà yẹn ni Nathan wá ń pariwo pé kí n fi sílẹ̀ fún òun. Mo gbọ́ ọ. Ọwọ́ mi kọ̀, kò tú. Ẹ̀rù ló dì í mú."

Níta, ẹnì kan ń fi ìgbálẹ̀ gbá ewé gbígbẹ lẹ́yìn fèrèsé.

"Mo ní màá sọ ọ́ tí ara mi bá yá," ó wí. "Wọ́n wá ní Mansur ni. Mi ò sọ bẹ́ẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́. Àwọn míì ló kọ́kọ́ sọ ọ́, èmi kàn gbà á lẹ́nu wọn."

"Ẹ ti ń sọ ọ́ látìgbà náà."

"Bẹ́ẹ̀ ni." Ó pa ojú dé. "Nǹkan tí ẹ bá fẹ́ ṣe, ẹ ṣe é. Ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ni mo bẹ̀ yín. Ẹ má jẹ́ kí ìyá mi gbọ́ pé òun ni sábàbí ẹ̀."

Hùmúàní ò ṣèlérí. Ó ní kí wọ́n pe ẹni tó máa gba ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, ó dúró títí wọ́n fi parí, ó tẹ Láníyọnu láago. Láníyọnu tẹ́tí sí i láìdá ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Níkẹyìn, ó ní kí wọ́n ṣílẹ̀kùn fún Mansur, òun fúnra òun á bẹ̀ ẹ́.

*

Ó ku Ẹ̀bùnọlá. Láti ọjọ́ tí ọkọ̀ náà ti já ni àwọn kan ti ń sọ ọ́ káàkiri pé ọtí ni Nathan mu, àwọn míì ní oorun ló gbé e lọ. Hùmúàní ò fẹ́ kí obìnrin náà gbọ́ òtítọ́ lórí rédíò. Ó wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Challenge, ó sì ń to ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu bí wọ́n ṣe ń já sáàárín mọ́tò. Kò sí ọ̀nà tó tò ó tó dáa.

Ṣọ́ọ̀bù oògùn náà wà ní títì, àmọ́ ilẹ̀kùn ilé tó wà lẹ́yìn ẹ̀ ṣí sílẹ̀. Bàtà obìnrin àgbà kan wà lẹ́nu ọ̀nà, eruku pupa ti bò ó.

Nínú pálọ̀, Ẹ̀bùnọlá jókòó sílẹ̀, ó wọ aṣọ dúdú, ó fi ẹ̀yìn ti àga. Hadiza jókòó sílẹ̀ náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, èjìká wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn. Àwọn méjèèjì ti sunkún, wọ́n sì ti dákẹ́.

"Ìyá ti sọ fún mi, mà," ni Ẹ̀bùnọlá wí.

"Mo ní kó má gbọ́ ọ lẹ́nu ọlọ́pàá," ni Hadiza wí. "Ọmọ mi ló ṣe é, ojú mi ló fẹ́ kó rí i. Ẹnu mi ló yẹ kó ti jáde."

Hùmúàní wá àyè, ó jókòó. Ẹ̀bùnọlá yí ojú sí i.

"Nathan ńkọ́, mà? Ṣé ó gbà fún un?"

"Kò gbà. Ó ní kó máa lọ. Ó sọ fún un pé kó má dín eré kù, ó sì sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni ń kọ́ èèyàn níṣẹ́. Ó di ọkọ̀ náà mú títí tó fi já."

Ẹ̀bùnọlá mi orí, ó tún mi orí. "Bó ṣe máa ń sọ̀rọ̀ nìyẹn," ó wí. "Tó bá ń kọ́ èèyàn, o lè bínú sí i, òun ò ní pariwo."

Hadiza wá bi Hùmúàní, láìwo ojú rẹ̀: "Ó ní kí ẹ má sọ fún mi, àbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá."

"Ẹ ṣì máa padà lọ sọ́dọ̀ ẹ̀?"

"Lọ́la, Ìyá."

"Tí ẹ bá dé ibẹ̀, ẹ sọ fún un pé ibí ni mo wà." Ó nawọ́, ó tún aṣọ dúdú tó ń yọ̀ kúrò léjìká Ẹ̀bùnọlá ṣe. "Tó bá ń wá mi, ẹ ní ibí ni kó wá."